Gbogbo Wọn Ní Kò Sí Wàhálà

Bàbá mi àtàtà, ẹni tó ti ń pè mí ní Nọ́ọ̀sì kí n tó dé ilé ìwé nọ́ọ̀sì rárá,

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó wà níbi tí ẹ wà, ẹ jẹ́ kí n kàn kúnlẹ̀ ná. Àyà mi ò tíì balẹ̀ láti àná tí mo ti kúrò lọ́dọ̀ Màámi. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú mi, gbogbo rẹ̀ ló sì fẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá wọ́, ẹ fojú fò ó, bí ẹ ṣe máa ń ṣe tí ọmọ iṣẹ́ yín tuntun bá rán etí ṣòkòtò wọ́, tí ẹ á ní kó lọ jẹun ná kẹ́ ẹ tó jọ tú u.

Ìròyìn ilé ni màá kọ́kọ́ sọ. Màámi ṣì wà ní Ìkìrun, wọ́n ní àwọn ò ní wá bá ẹnikẹ́ni gbé. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe ló wà ní ṣọ́ọ̀bù yín báyìí. Ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n orin tó ń yí sókè láti àárọ̀ dalẹ́ yẹn, ẹ̀ bá ti lé e. Ẹ̀rọ ìránṣọ yín wà ní yàrá, Màámi fi aṣọ bò ó, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ gbé nǹkan lé e. Mo ṣì máa ń rí yín lọ́kàn mi pẹ̀lú téèpù lọ́rùn nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tí Màámi á máa fi ìgbúnwọ́ gún yín pé kẹ́ ẹ yọ ọ́ kí àlùfáà tó rí i.

Wọ́n ti fi mí ṣe ọ̀gá, Bàbá. Ẹ ti lọ kí ìròyìn náà tó dé, ó sì dùn mí. Mátírọ́ọ̀nù tó wà níbi iṣẹ́ wa ní Ìníṣà fẹ̀yìn tì, wọ́n sì ní kí n bọ́ sí ipò rẹ̀. Èmi ni mò ń darí ilé ìwòsàn kékeré náà báyìí: àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn tó ń fún ọmọ ọwọ́ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, títí kan bọ̀dá tó ń ro àgbàlá. Bí ẹ bá wà láyé ni, gbogbo ẹni tó bá wá wọn ara ní ṣọ́ọ̀bù yín ni ì bá ti gbọ́, ẹni tó kàn ń kọjá lọ pàápàá ì bá gbọ́.

Mo fẹ́ jẹ́ ọ̀gá gidi, ọ̀gá tí wọ́n á máa sọ pé kì í ṣe èrú. Mo ń tètè dé ibi iṣẹ́ ju gbogbo wọn lọ. N kì í mú nǹkan ibi iṣẹ́ lọ sílé, n kì í gba owó ẹ̀yìn lọ́wọ́ ìyá ọmọ kankan. Àṣìṣe tí mo bá rí, ojú ẹsẹ̀ ni mo máa ń sọ ọ́, níwájú ẹni yòówù tó bá wà níbẹ̀, torí mi ò fẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Ẹ mọ ohùn mi. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé tí mo bá sọ̀rọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé wa, àwọn ará Ìbà á dáhùn. Tí mo bá ń wọlé láàárọ̀, gbogbo wọn á kúnlẹ̀, wọ́n á ní ẹ káàárọ̀ mà. Èmi á ní, "Ṣé kò sí wàhálà?" Wọ́n á ní, "Kò sí wàhálà kankan mà, a dúpẹ́." Inú mi á dùn, màá wọ yàrá mi. Lójú tèmi, ibi iṣẹ́ mi tòrò bí omi àfòwúrọ̀pọn.

Bàbá, èmi ni mò ń tan ara mi jẹ.

Lọ́jọ́ tí mo ń sọ yìí, mo bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò tó gbé mi wá láàárọ̀, mo ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́ jẹ́jẹ́ mi. Ìyá kan wà ní ìkóríta tó ń ta omi tútù àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ó pè mí, ó kí mi, ó béèrè Màámi, ó wá ní:

"Ẹ jọ̀ọ́, Mátírọ́ọ̀nù, ẹ bá mi sọ fún àwọn ọmọ yín pé kò sí yìnyín lónìí o. Wọn ò mú iná wá láti àná, fìríjì mi ò di nǹkan kan."

Mo ní, "Yìnyín wo nìyẹn, mà?"

"Èyí tí wọ́n máa ń wá mú láràárọ̀, tí wọ́n fi ń tọ́jú abẹ́rẹ́ àwọn ọmọ náà ni."

Mo fi ìyá náà sílẹ̀ láìdágbére. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé kó lè yé yín bó ṣe yé mi. Oògùn tí a ń fún ọmọ ọwọ́ kí ikọ́ àwúbì àtàwọn àrùn burúkú mìíràn má bàa pa wọ́n, òtútù oníwọ̀n ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Bí ooru bá mú un, ó bàjẹ́. Bó bá sì dì bíi yìnyín, ó bàjẹ́ náà nìyẹn, ojú lásán ò sì lè dá a mọ̀ nígbà tó bá yọ́ tán. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fún wa ní fìríjì kan tó ń lo iná oòrùn, tí kò bá tàwọn oníná ṣe. Oògùn yẹn nìkan ló wà fún. Òun gan-an sì ni mo ń rò pé mò ń béèrè tí mo bá ní ṣé kò sí wàhálà.

Mo sáré dé ibi iṣẹ́, mi ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Mo ṣí fìríjì náà, ooru ló kí mi káàbọ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni ike ìrẹsì kan, ṣíbí, àti fìlà òjò. Fìlà òjò, Bàbá! Wọ́n ti sọ ọ́ di kọ́bọ́ọ̀dù. Mo bojú wo abẹ́ tábìlì, mo rí kúlà kan tí wọ́n da aṣọ bò. Inú rẹ̀ ni gbogbo oògùn náà wà, wọ́n há a mọ́ àárín yìnyín àná tó ń yọ́. Mo mú ìgò kan jáde, ó ṣì dì gbagidi.

Sẹ́kínà ni mo fi iṣẹ́ abẹ́rẹ́ náà sí lọ́wọ́. Ọmọ Òkukù ni, ó já fáfá, ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ débi pé ọmọ mìíràn á ti gba abẹ́rẹ́ tán kó tó rántí pé ó yẹ kóun ké. Ó wọlé bá mi níbi tí mo dúró sí, ó rí ìgò lọ́wọ́ mi, ó kúnlẹ̀ láìjẹ́ pé mo sọ̀rọ̀. Mo bi í pé láti ìgbà wo. Ó ní láti ìgbà òjò ńlá tí àrá sán níjelòó ni, ó ti ju oṣù kan lọ. Àrá yẹn ló jó ohun tó ń gbé iná wọ fìríjì.

Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, gbogbo wọn ti dúró sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń wolẹ̀. Gbogbo wọn ló mọ̀. Bọ̀dá tó ń ro àgbàlá mọ̀. Ìyá oníyìnyín tí kò tẹ ilé ìwòsàn wa rí mọ̀. Èmi tí mo jẹ́ ọ̀gá, tí mò ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá yẹn lójoojúmọ́, èmi nìkan ni mi ò mọ̀. Mo pariwo, Bàbá. Mo ní kí ló dé tí ẹ fi ń purọ́ fún mi? Ojoojúmọ́ ni mò ń béèrè!

Sẹ́kínà ń sunkún, ṣùgbọ́n ó dá mi lóhùn.

"Ẹ má bínú sí mi o, mà. Ìkíni lẹ̀ ń kí wa láràárọ̀. Ẹni tó bá kí wa pé ṣé kò sí wàhálà, ṣé a wá lè sọ pé wàhálà wà? Ẹ á sì ti wọlé, ẹ á ti tilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ tó bàjẹ́, mo ń bọ̀ wá sọ fún yín. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo gbọ́ bí ẹ ṣe ń pariwo lé bọ̀dá lórí torí gíláàsì fèrèsé tó fọ́. Ẹ ní bóyá ìyá wọn ló kọ́ wọn ní àìbìkítà. Mo kàn yí padà ni, mà. Mo ní kí n máa fi yìnyín tì í ná, bóyá á tún ara rẹ̀ ṣe."

Mo gbé ìgò náà sílẹ̀. Òótọ́ ni. Bí ilé bá ń jó lórí wa níbí, tí ẹnìkan kọjá tó ní ṣé dáadáa la wà, a ó kọ́kọ́ dúpẹ́ ná kí a tó máa wá omi. Mo mọ ìyẹn láti kékeré, mo sì gbé iṣẹ́ ẹ̀mí lé e lórí. Ó tún wá jẹ́ pé fún ẹni tó bá tilẹ̀ fẹ́ sọ òótọ́, ohùn mi ló ń lé e padà.

Mo pe ọ̀gá tó wà lórí mi lórí fóònù, mo ṣàlàyé fún un. Ẹ máa gbọ́ ohun tó sọ.

"Mátírọ́ọ̀nù, ẹ má da ìlú rú o. Ẹ kó ìyókù dànù, ẹ fún ọmọ yẹn ní kúẹ́rì, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Ta ló fẹ́ mọ̀?"

Mo gbé fóònù sílẹ̀. Kì í ṣe ẹni burúkú, Bàbá. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń gbà mí nímọ̀ràn ni. Gbogbo ọmọ tó ti gba abẹ́rẹ́ yẹn láti ìgbà tí àrá ti sán, àwọn ìyá wọn ti lọ fọkàn balẹ̀ sílé. Bí ikọ́ àwúbì bá wọ Ìníṣà tàbí Òkukù lọ́la, ọmọ tí wọ́n rò pé a ti dáàbò bò ni á kọ́kọ́ mú. Ta ló fẹ́ mọ̀? Èmi ti mọ̀. Mo jókòó, mo ń bi ara mi pé kí lẹ máa ṣe. Ẹ ò dá mi lóhùn.

Mo pinnu pé màá sọ ọ́. Àwọn ìyá ọmọ tó wà ní Òkukù, Sẹ́kínà lọ bá wọn nílé, èmi náà sì tẹ̀ lé e. Lèmọ́ọ̀mù Ìníṣà bá mi sọ ọ́ fún àwọn mùsùlùmí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ̀, Ọlọ́run bù kún wọn, wọ́n sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ní ọjọ́ Ìsinmi, mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá ọmọ wa ń lọ. Mo bọ́ bàtà mi sẹ́nu ọ̀nà. Wòólì ní kí n bọ́ síwájú. Sẹ́kínà, mùsùlùmí tí kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí, ń dúró níta gbangba, ó ní bí wọ́n bá máa na ẹnikẹ́ni, kí wọ́n na òun. Mo ní kó máa lọ sílé. Mo ní èmi ni ọ̀gá.

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Fìríjì wa bàjẹ́, mi ò tètè mọ̀, ó sì yẹ kí n mọ̀. Abẹ́rẹ́ tí a fún àwọn ọmọ yín lè máà ṣiṣẹ́. Kò ní pa wọ́n lára, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó wọn padà wá ká tún un fún wọn. Obìnrin kan dìde ní àárín, gbogbo wa ń pè é ní Ìyá Tóbi, ó ń ta ẹran ìgbẹ́ lójú títì tó lọ sí Òkukù. Ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ tún un sọ."

Mo tún un sọ.

"Ṣé omi lásán lẹ gún sínú ọmọ mi?"

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, mà."

"Tí ọmọ náà sì sunkún mọ́jú! Háà! Ẹ ò ṣèèyàn!"

Ó gbéra, ó jáde, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e. Wòólì ò mọ ohun tó máa ṣe mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí gbàdúrà sókè lálá fún gbogbo aláìsàn. Mo dúró níwájú bí ọmọ tí wọ́n ní kó gbé ọwọ́ sókè. Ojú tì mí, ojú tì mí gan-an. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ tó tẹ̀ lé e, a gbé oògùn tuntun láti Òkukù wá, torí fìríjì tiwa ò tíì ṣiṣẹ́. Mo jókòó sí ìta, kò sí ẹyọ ẹnìkan lórí àwọn bẹ́ǹṣì. Mo ti ń sọ fún Sẹ́kínà pé ká dá oògùn padà kí oòrùn tó mú, ni ọ̀kadà kan dúró. Ìyá Tóbi ló sọ̀ kalẹ̀. Kò kí mi. Ó tú ọmọ sílẹ̀ lẹ́yìn, ó nà án sí mi.

"Mi ò tíì dárí jì yín o. Mo kàn rò ó pé ẹni tó lè dúró sójú ìjọ sọ irú ọ̀rọ̀ burúkú yẹn nípa ara rẹ̀, tí eléyìí náà ò bá dáa, ó máa sọ. Ẹ gún un kíákíá, ẹran mi wà lórí iná."

Kó tó di ọ̀sán, ẹ ò rí ibi jókòó mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń bú wa bí wọ́n ṣe ń tò. Mo jẹ́ kí wọ́n bú wa.

Ọ̀gá orí fóònù ò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà. Mi ò fún Sẹ́kínà ní kúẹ́rì, bóyá èmi ni wọ́n máa fún, mi ò mọ̀. Láàárọ̀ báyìí, tí a bá kí ara wa tán, mo máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú wọn, màá ní, "Ó yá, kí ló bàjẹ́?" Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n ń wo ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Bọ̀dá tó ń ro àgbàlá ló kọ́kọ́ lanu. Ó ní ilẹ̀kùn ilé ìgbẹ́ àwọn obìnrin ò ní kọ́kọ́rọ́ mọ́, ó ti pẹ́. Èmi náà ń lo ilé ìgbẹ́ yẹn! Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ nípa ìyá rẹ̀ tí mo bú. Ó ní kò sí wàhálà, ni gbogbo wa bá bú sẹ́rìn-ín.

Bó ṣe rí nìyẹn tí mo fi lọ sílé ní Ìkìrun nírọ̀lẹ́ àná, tí mo ń ro ìtàn yìí fún Màámi. Mo rò pé wọ́n máa yìn mí ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín níbi fìlà òjò, wọ́n káàánú Sẹ́kínà. Wọ́n ń fi ọwọ́ yí etí ìró wọn, wọ́n ní:

"Bí bàbá ẹ náà ṣe ṣe nìyẹn."

Mo ní, "Wọ́n ṣe kí ni?"

Bàbá, ẹ ti mọ ohun tí wọ́n sọ fún mi. Wọ́n ní ẹ ti ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ yín tipẹ́tipẹ́. Wọ́n ní ẹ fi Ọlọ́run bẹ àwọn pé kí àwọn má sọ fún mi. Èmi tí mò ń sọ fún gbogbo ayé pé ikú òjijì ló mú bàbá mi lọ! Mò ń pè yín láràárọ̀ kí n tó wọ mọ́tò. Mo máa ń ní, Bàbá, ara ńkọ́? Ẹ máa ń ní, A dúpẹ́, Nọ́ọ̀sì mi, ara le koko. Èmi á ní ó dáa, màá pa fóònù. Nọ́ọ̀sì ni mí. Ojúmọ́ kan kì í mọ́ kí n má bi àgbàlagbà kan nípa ìtọ̀ rẹ̀.

Mo bi Màámi pé kí ló dé. Wọn ò fẹ́ sọ. Ìgbà tó yá ni wọ́n ní:

"Ǹjẹ́ o rántí ọjọ́ tí wọ́n gbé yùnífọ́ọ̀mù tí wọ́n rán fún ẹ wá síbi iṣẹ́? Ohun tí wọ́n bá lọ gan-an nìyẹn. Wọ́n fẹ́ sọ ọ́ fún ẹ lójúkorojú. Wọ́n ní ò ń bá bàbá arúgbó kan wí níwájú gbogbo èèyàn, pé kò lo oògùn rẹ̀. Wọ́n ní bàbá náà kàn ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni. Wọ́n jókòó títí, wọ́n fún ẹ ní aṣọ, wọ́n wọ mọ́tò padà wálé. Wọ́n ní àwọn ò lè fara gbà á lọ́wọ́ ọmọ àwọn."

Mo rántí ọjọ́ náà. Mo rántí pé ẹ ní ẹ ò ní dúró pẹ́ mọ́, pé oníbàárà kan ń dúró dè yín. Mo wọ yùnífọ́ọ̀mù náà lójú ẹsẹ̀, ó bá mi mu gẹ́gẹ́, mo sì ń yí kiri fún yín kẹ́ ẹ wò ó. Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ ní, A dúpẹ́.

Ṣé lóòótọ́ ni, Bàbá? Ṣé ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu, tí ẹ gbé e padà lọ sí Ìkìrun? Ká ní mo ti rẹ ohùn mi sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ṣé ẹ ò bá ṣì wà níbí? Àbí ẹ̀yin náà jẹ̀bi díẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ fi ìkíni bo àìsàn mọ́lẹ̀ fún ọmọ tí ẹ fi owó aṣọ rírán kọ́ ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì? Mo bínú sí yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ forí jì mí. Mo fẹ́ràn yín, mo sì bínú sí yín. Ẹ ò lè dá mi lóhùn, mo mọ̀.

Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màámi. Wọ́n wá gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ní, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń dán ilẹ̀ tó ń yọ̀ wò:

"Ojú mi òsì yìí, mi ò fi rí nǹkan kan mọ́. Ó ti pẹ́ díẹ̀."

Ariwo dé ọ̀nà ọ̀fun mi, Bàbá. Mo gbé e mì. Mo di ọwọ́ wọn mú, mo ní, "Ẹ ṣé, Màámi. Ẹ ṣé gan-an tí ẹ sọ fún mi."

Wọ́n ní, "O ò pariwo?"

Mo ní, "Rárá, mà. Èwo ló tún kù?"

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́.

Ẹ sùn re, Bàbá mi. Ẹni tí ẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dà.

Ọmọ yín obìnrin tó fẹ́ràn yín, tí àárò yín ń sọ.